Kwaku Ohene-Frempong àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tuntun ní Gánà

Kwaku Ohene-Frempong (1946–2022) jẹ́ oníṣègùn àwọn ọmọdé àti onímọ̀ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀, ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè Gánà. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀ káàkiri àgbáyé ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní sickle cell. Òun ni ó ṣe aṣáájú ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò ní ìlú Kumasi ní ọdún 1995, kí a lè mọ ọmọ tí ó ní àrùn náà kí àìsàn tó fi ara hàn lára rẹ̀. Ètò yìí fi hàn pé irú àyẹ̀wò tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń ṣe fún ọmọ wọn ṣeé ṣe ní ìlú ńlá kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì jẹ́ kí a mọ iye ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn náà níbẹ̀. Kí ìtumọ̀ iṣẹ́ yìí tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìtàn àrùn náà fúnra rẹ̀.

Àrùn tí ó ti ní orúkọ tipẹ́

Kí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa àrùn yìí ni àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń rí ni pé ọmọ kan nínú ilé a máa sunkún eegun àti oríkèé, pàápàá ní ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa gbẹ, ẹyinjú rẹ̀ a máa pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Lónìí yóò dà bí ẹni tí ó ń kú lọ. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, a tún dìde. Inú ìrírí yìí ni orúkọ Yorùbá rẹ̀ ti jáde.

Ní Gánà, àwọn Ga ń pè é ní chwechweechwe, àwọn Ewe ń pè é ní nuidudui, àwọn Fante ń pè é ní nwiiwii, àwọn tí ń sọ èdè Twi sì ń pè é ní ahotutuo. Felix Konotey-Ahulu, oníṣègùn ará Krobo tí a bí ní ọdún 1930, ni ó mú àwọn orúkọ wọ̀nyí wá sí etígbọ̀ọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn àgbáyé. Ó ṣàlàyé pé ìró àwọn orúkọ náà ń fara wé ìrora tí ń jẹ eegun lọ tí kò dáwọ́ dúró. Inú ilé tí àrùn náà wà ni Konotey-Ahulu ti dàgbà, nítorí pé ó mú lára àwọn tí wọ́n jọ bí wọn. Nígbà tí ó di dókítà, ó tọpa àrùn náà nínú ìdílé rẹ̀, láti ìran dé ìran, títí dé nǹkan bí ọdún 1670. Ilé Ìwòsàn Korle Bu ní Accra ni ó ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní ọdún 1991.

Ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ yìí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó pẹ́ láyé díẹ̀ nìkan ni ó lè mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní àrùn náà a máa kú ní ọmọ ọwọ́, kí eegun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ẹni tí ó bá rí ikú wọn yóò sọ pé ibà ni, tàbí òtútù àyà, tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni ìyá kan náà pàdánù tẹ̀lé ara wọn, àwọn Yorùbá yóò sọ pé àbíkú ni, àwọn Ìgbò yóò sì sọ pé ọgbanje ni. Àwọn onímọ̀ kan ti jiyàn pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú àti ọgbanje láyé àtijọ́ ní àrùn yìí lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣiríṣi nǹkan ni ó ń pa ọmọ léraléra nígbà náà. Ọmọ tí ó kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ó pa á kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìjọba gbà pé àrùn àwọn ènìyàn díẹ̀ ni.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lábẹ́ ẹ̀rọ awò-kòkòrò, wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kò rí roboto bí ó ṣe yẹ. Ńṣe ni wọ́n gùn tí wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé. Ibẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àrùn náà ti wá. Láàárín ogójì ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn onímọ̀ ń wá ohun tí ń tẹ sẹ́ẹ̀lì náà. Ní ọdún 1949, James Neel fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún àrùn náà. Ní ọdún kan náà, Linus Pauling àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ fi hàn pé inú hemoglobin ni àléébù náà wà. Hemoglobin ni èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ni ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Vernon Ingram rí i pé ègé kékeré kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú ìtò hemoglobin náà.

Irú hemoglobin tí ó wọ́pọ̀ ni a ń pè ní A, èyí tí ń tẹ sẹ́ẹ̀lì ni a sì ń pè ní S. Ẹni tí ó bá jogún A láti ọ̀dọ̀ òbí kan àti S láti ọ̀dọ̀ òbí kejì jẹ́ AS. Ara rẹ̀ yóò le, kò sì ní ka ara rẹ̀ sí aláìsàn. Ẹni tí ó bá jogún S láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni SS, òun ni àrùn náà ń yọ lẹ́nu jù. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí aya náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ó wà pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi èyí gbọ́. Wọ́n rò pé bí ọmọ kan bá ti ní àrùn náà, mẹ́ta tí yóò tẹ̀lé e ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò náà a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oyún kọ̀ọ̀kan.

Ní Gánà, irú hemoglobin mìíràn tún wà tí ó wọ́pọ̀, èyí tí a ń pè ní C. Ìhà àríwá Gánà àti Burkina Faso ni ó ti pọ̀ jù lọ. Bí a bá sì ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, tí a kọjá odò Ọya, kò wọ́pọ̀ mọ́. G. M. Edington, onímọ̀ nípa àrùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Accra kí ó tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ọmọ tí ó jogún S láti ọ̀dọ̀ òbí kan àti C láti ọ̀dọ̀ òbí kejì jẹ́ SC, òun náà ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn tirẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ti SS lọ. Nítorí hemoglobin C yìí, ẹni tí ó bá wá kìkì SS ní Gánà yóò fi ọ̀pọ̀ ọmọ aláìsàn sílẹ̀.

Ìdí tí S fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà hàn ní ọdún 1954, nígbà tí Anthony Allison fi ẹ̀rí hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ tí ó jẹ́ AS. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn AS ti ń la ibà já ju àwọn AA lọ, tí wọ́n sì ń fi S sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ohun tí ó dáàbò bo àwùjọ náà ni ó ń pa díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí a kán sórí bébà

Ọmọ tí ó ní SS kì í ṣàìsàn ní kété tí a bí i. Nínú oyún, ọmọ a máa lo irú hemoglobin mìíràn tí kì í tẹ sẹ́ẹ̀lì, èyí sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni èyí yóò fi dín kù tí S yóò sì gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní àkókò yìí kan náà ni ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ja kòkòrò àrùn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Kòkòrò tí ń fa òtútù àyà àti àrùn yírùnyírùn yóò wá rí àyè wọlé, ó sì lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀ tí ibà bá ti mú un. Ní ọdún 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń lo oògùn pẹnisilíìnì lójoojúmọ́, àkóràn yìí yóò dín kù ní ìlọ́po púpọ̀. Oògùn náà kò wọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí àìsàn tó dé, nígbà tí ọmọ náà kò tíì ní àmì kankan. Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní olójú jínjìn, òkèèrè ni í ti í mẹ́kún sun.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti inú ìwádìí àrùn àjogúnbá mìíràn. Ní ọdún 1934, Asbjørn Følling, dókítà ará Nọ́wè, ṣàwárí àrùn kan tí a wá mọ̀ sí phenylketonuria. Ara ọmọ tí ó ní i kò lè sọ èròjà kan tí ó wà nínú ẹran, wàrà àti ẹyin di ohun mìíràn. Èròjà náà yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì ba ọpọlọ jẹ́. Bí a bá yí oúnjẹ ọmọ náà padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò ní bà jẹ́. Bí a bá dúró títí àmì fi hàn, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Robert Guthrie, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí a fi ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà tí ń fa omi, tí a sì ń fi bébà náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò nígbà tí ó bá gbẹ. Bébà yìí kò wúwo, kò nílò yìnyín, ó sì lè rin ìrìn àjò.

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kan náà lè sọ irú hemoglobin tí ọmọ ní. Ìpínlẹ̀ New York bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún fòníkú-fọ̀ladìde ní ọdún 1975. Ní ọdún 1987, lẹ́yìn èsì ìwádìí pẹnisilíìnì, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí a máa yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò, láìka àwọ̀ ara sí. Ní àkókò yẹn, Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ìgbésí ayé àti ìwádìí Ohene-Frempong

Kukurantumi, ní agbègbè Ìlà-Oòrùn Gánà, ni wọ́n ti bí Kwaku Ohene-Frempong ní ọdún 1946, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Prempeh College ní Kumasi, lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti jẹ́ gbajúgbajà nínú eré sísá tí a ń fo igi. Yale ni ó ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa fòníkú-fọ̀ladìde, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àìsàn tí òun ti rí lára ìbátan òun kan nílé ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. Ó dúró ní yunifásítì náà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì parí ní ọdún 1975. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan tí ó ní àrùn náà. Láti ìgbà náà, ó di oníṣègùn àrùn yìí, ó sì tún jẹ́ òbí aláìsàn.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ọmọdé ní New York àti ẹ̀kọ́ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀ ní Philadelphia, ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Tulane ní New Orleans, níbi tí ó ti dá ibùdó ìtọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀. Ní ọdún 1986, ó padà sí Ilé Ìwòsàn Àwọn Ọmọdé ti Philadelphia, ó sì wá di olùdarí ibùdó tí ń rí sí àrùn náà níbẹ̀. Ó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù lọ dá lórí rọpárọsẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa rò pé àrùn àgbàlagbà ni rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ọpọlọ ọmọdé. Ní ọdún 1998, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí ó tẹ̀lé àwọn aláìsàn 4,082 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí àwọn tí ó ní SS yóò bá fi pé ọmọ ogún ọdún, nǹkan bí 11 nínú 100 wọn ni rọpárọsẹ̀ yóò ti kọlù. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú orí lè tọ́ka sí ọmọ tí ewu náà sún mọ́, àti pé bí a bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára déédéé, a lè dènà ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìkọlù náà. Ìwádìí méjèèjì ń sọ ohun kan náà tí ìwádìí pẹnisilíìnì ti sọ: bí a bá mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kí àmì tó hàn, a lè gbà á.

Iṣẹ́ ní Kumasi

Nígbà tí Ohene-Frempong ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia, kì í ṣe Gánà nìkan ni ó ń ronú lé lórí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó gbà pé a ti lè dán ọ̀rọ̀ náà wò. Kumasi ni olú-ìlú àwọn Asante, ìlú ńlá tí ènìyàn kún fọ́fọ́, tí ó ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, Komfo Anokye. Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, òun àti àwọn onímọ̀ Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò ní ọdún 1995. Francis Nkrumah, oníṣègùn àwọn ọmọdé tí ó ti jẹ́ olùdarí Ilé Ìwádìí Ìṣègùn Noguchi ní Accra, wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà. Yàtọ̀ sí Kumasi, wọ́n tún ṣe é ní Tikrom, ìletò kan tí kò jìnnà sí ìlú náà, kí wọ́n lè mọ bí yóò ti rí lágbègbè oko.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò le láti ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì yóò gún gìgísẹ̀ ọmọ, yóò kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, yóò sì kọ orúkọ ìyá àti ibi tí wọ́n ń gbé sílẹ̀. Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n a máa fi agbára iná mànàmáná ya oríṣiríṣi hemoglobin sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, títí tí a ó fi rí i kedere bí A, S tàbí C bá wà níbẹ̀. Nígbà tí èsì bá jáde, ìyá ti gbé ọmọ lọ sílé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó le wà. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé kò ní nọ́ńbà, tí fóònù kò sì tíì wọ́pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ní láti wá ìyá náà rí, kí wọ́n sọ fún un pé ọmọ tí ara rẹ̀ le koko lórí itan rẹ̀ ní àrùn kan tí kò tíì hàn, kí ó sì gbà wọ́n gbọ́.

Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó ju 200,000 wò. Nínú wọn, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n lè ní àrùn náà lé ní 3,700, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ irú SS, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù sì jẹ́ SC. Ọmọ méjì nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe àrùn àwọn ènìyàn díẹ̀. Nínú ilé ìgbẹ̀bí tí ń gbẹ̀bí ọmọ ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀, méjì nínú wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò ní in. Èyí ni ohun tí ìṣirò náà fún àwọn onímọ̀ Gánà: ẹ̀rí tí wọ́n lè gbé síwájú ìjọba.

Lẹ́yìn tí èsì bá jáde

Ohene-Frempong kò fara mọ́ ṣíṣe àyẹ̀wò láìsí ìtọ́jú. Ìyá tí a sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún tí a kò sì fún ní ohun kan láti ṣe ti gba ìbànújẹ́ nìkan. Nítorí náà, ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní Komfo Anokye jẹ́ apá kan ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ a máa gba pẹnisilíìnì, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ààbò lọ́wọ́ ibà, nítorí pé ibà tí kì í tètè pa AS kì í mọ ojú SS. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń pa á. Wọ́n a máa kọ́ ìyá bí a ti ń fọwọ́ tẹ abẹ́ egungun ìhà òsì ọmọ láti mọ̀ bí ibẹ̀ bá wú lójijì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè há síbẹ̀ kí ọmọ sì kú. Wọ́n a máa kọ́ ọ pé bí ara ọmọ bá gbóná, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí tún ní ẹ̀yà mìíràn. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn Akan, tí àwọn Asante jẹ́ apá kan wọn, ti gbà pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń wá, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì ń wá láti ọ̀dọ̀ baba. Lórí ìgbàgbọ́ yìí ni ogún jíjẹ nípa ìdílé ìyá dúró lé. Ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn láti di ẹrù àrùn ẹ̀jẹ̀ lé ìyá nìkan lórí. Ohun tí àyẹ̀wò ń sọ yàtọ̀: kò sí ọmọ tí ó lè ní SS tàbí SC bí kò bá jogún láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá. Àlàyé yìí, bí a bá ṣe é dáadáa, lè gba obìnrin lọ́wọ́ ẹ̀sùn àjẹ́ tàbí orí burúkú, ó sì lè mú kí baba mọ̀ pé ìtọ́jú ọmọ náà jẹ́ ojúṣe òun pẹ̀lú. Bí a kò bá ṣe é dáadáa, ó lè tú ilé ká. Ìdí nìyí tí ètò náà fi nílò àwọn olùdámọ̀ràn tí ó gbọ́ èdè àti àṣà ibẹ̀, láfikún sí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Láti ìlú kan dé àwọn orílẹ̀-èdè

Ohene-Frempong dá Àjọ Fòníkú-Fọ̀ladìde ti Gánà sílẹ̀, ó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ní ọdún 2010, ìjọba Gánà kéde ètò àyẹ̀wò ọmọ tuntun fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Bràsíl sì wà lára àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àjọṣe yìí ní gbòǹgbò nínú ìtàn. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó kọjá òkun láti Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí àwọn Yorùbá wà lára wọn, ni ó gbé S lọ sí Bràsíl. Láti ọdún 2001 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi àyẹ̀wò hemoglobin sínú ètò àyẹ̀wò ọmọ tuntun ti orílẹ̀-èdè náà, ó sì ní ìrírí tí ó lè fi kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti kó àrùn náà wá.

Àwọn ìpinnu àgbáyé náà wáyé. Ní ọdún 2006, àpérò àjọ ìlera àgbáyé fẹnu kò lórí ìpinnu kan nípa àrùn yìí, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2008, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún un. Ní ọdún 2019, àjọ Ohene-Frempong, ìjọba Gánà àti ilé iṣẹ́ oògùn Novartis ṣe àdéhùn láti mú kí oògùn hydroxyurea wà fún àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè náà. Oògùn yìí a máa mú kí hemoglobin ìgbà oyún tún pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń tẹ̀ yóò dín kù, ìrora náà yóò sì dín kù.

Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn náà tó ti ibẹ̀, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn kan nínú mẹ́rin tí ó gbé S lára. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 1994 ni Àjọ Fòníkú-Fọ̀ladìde ti Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, Olu Akinyanju sì ni ó ṣe aṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ní Kano àti Kaduna, àwọn dókítà ti ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi hydroxyurea dènà rọpárọsẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ní àǹfààní gbígba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2022 fi hàn pé ìwọ̀n oògùn kékeré náà wúlò. Nàìjíríà àti Gánà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ti Amẹ́ríkà kó jọ láti ṣe àyẹ̀wò ọmọ tuntun, iṣẹ́ tí Ohene-Frempong kópa nínú rẹ̀ títí dé òpin ayé rẹ̀.

Ohun tí iṣẹ́ náà fi lélẹ̀

Kwaku Ohene-Frempong kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ní àkókò ikú rẹ̀, àyẹ̀wò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ tí a ń bí ní Gánà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Kumasi àti ìkéde ètò gbogbo orílẹ̀-èdè. Owó ìwádìí láti òkèèrè lè fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìsúná ìjọba ni ó lè sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé ìgbẹ̀bí, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti rí.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Kumasi ti pa àríyànjiyàn kan rẹ́. Ṣáájú rẹ̀, àwọn kan gbà pé Áfíríkà kò tíì tó ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ọmọ tuntun, pé ibà àti àìjẹunkánú ni kí a kọ́kọ́ bá jà. Àwọn ọmọ tí ó lé ní 3,700 tí àyẹ̀wò náà tọ́ka sí jẹ́ ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Láyé àwọn ìyá ìyá wọn, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ni à bá sin láìmọ ohun tí ó pa wọ́n. Nísinsìnyí, orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, ìyá wọn mọ ohun tí yóò ṣe bí ara wọn bá gbóná lóru, àwọn tí ó sì dàgbà nínú wọn lè mọ irú hemoglobin tí àfẹ́sọ́nà wọn gbé lára kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó.